Gìtá Ọ̀pọ̀ Níwájú Àwọn Àna Mi

Bí ẹ bá ń rìn ní ìlú Ṣábẹ̀ẹ́, ní orílẹ̀-èdè Benin, lónìí, ìbáà ṣe ní ìdí àwọn òkè àpáta tí àwọn baba wa sá gùn nígbà ogun Dàhòmì, ìbáà sì ṣe ní ẹ̀bá ojú irin tí ó ti Kútọnu lọ sí Pàràkú, tí ẹ bá rí àwọn ọmọdé tí ọ̀kan nínú wọn di ojú pọ̀, tí ó ń fi ọwọ́ ha ikùn ara rẹ̀, tí àwọn yòókù sì pariwo "gbàù!", tí gbogbo wọn wó lulẹ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín, ẹ má ṣe béèrè irú eré tí wọ́n ń ṣe: èmi ni wọ́n ń ṣe. Ọ̀ràn náà kò tí ì pẹ́ nílẹ̀. Ibi tí okùn irin ti nà mí ní ọrùn ọwọ́ òsì kò tí ì jinná, ìyàwó mi kò sì tí ì lè gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún mi kí ó má yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ó rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀sín bá ti dé tí ikú kò sì bá a wá, ohun tí ó tọ́ sí ọmọ ènìyàn ni kí ó tètè fi ẹnu ara rẹ̀ ròyìn ara rẹ̀, kí àwọn tí kò sí níbẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí fi iyọ̀ àti ata sí i.

Bàbá àgbà ìyàwó mi ni ó kú, ọdẹ aperin, a-rìn-lóru-má-tanná, ẹni tí ẹfọ̀n inú igbó mọ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó gbó, ó tọ́, ó fi ọwọ́ pa ewú orí, ó rí ọmọ, ó rí ọmọ-ọmọ, nítorí náà òkú rẹ̀ kì í ṣe òkú ẹkún, òkú ìnáwó ni. Ẹnikẹ́ni tí ó bá sì fẹ́ ìyàwó ní ilé òkú ní ilẹ̀ wa mọ̀ pé àna kì í fi ọwọ́ lásán wọ agbo: yóò mú aṣọ wá, yóò mú ọtí sódabì wá, yóò sì mú olórin tirẹ̀ wá, kí àwọn ẹbí lè gbọ́ ariwo rẹ̀ kí wọ́n sì mọ̀ pé ọmọ àwọn kò sí lọ́wọ́ òtòṣì. Ẹni tí ó fẹ́ ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ti sanwó fún ẹgbẹ́ olórin kan tí ó ní fèrè onídẹ. Èmi olùkọ́, tí gbogbo ìlú mọ iye tí mo ń gbà àti ọjọ́ tí mo ń gbà á, lọ wádìí iye tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ń gbà. Nígbà tí mo gbọ́ ọ, mo ní kí ẹni tí ó sọ ọ́ jọ̀ọ́ tún un sọ, nítorí mo rò pé ọkọ̀ ni ó ń dá iye lé. Ibẹ̀ ni ahun ti bá mi sọ̀rọ̀ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé: Ìwọ kò ha mọ gìtá ta bí?

Mo mọ̀ ọ́n ta, ṣùgbọ́n mímọ̀ tí mo mọ̀ ọ́n kò kọjá ti ẹni tí ń ta á ní ẹ̀yìnkùlé nígbà tí oòrùn bá wọ̀. Àtàǹpàkò àti ìka tí ó tẹ̀ lé e nìkan ni mo fi ń ta á, gẹ́gẹ́ bí àwọn Kúrúù, atukọ̀ ará Làìbéríà, ti fi kọ́ àwọn ará etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní àtijọ́, tí àtàǹpàkò ń rìn ní ìsàlẹ̀ tí ìka kejì sì ń dá a lóhùn lókè. Ẹ má ṣe rò pé ọ̀nà yẹpẹrẹ ni: òun ni Kwame Asare ará Gánà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí ń jẹ́ Kumasi Trio, gbé dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1928 tí wọ́n fi gba orin "Yaa Amponsah" sínú àwo. Gìtá wà láàárín ìlù I. K. Dáíró, olórin jùjú tí Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì fi oyè M.B.E. dá lọ́lá ní 1963. Ní ilẹ̀ tiwa níhìn-ín náà, lẹ́yìn òmìnira 1960, G. G. Vikey gbé gìtá, ó sì fi kọ orin ìgbéyàwó tí a kò tí ì ṣíwọ́ gbígbọ́ títí di òní. Bí mo ti ń ka orúkọ àwọn wọ̀nyí nínú ọkàn mi ni mo ń fi tèmi kún un ní ìparí, láìrántí pé n kò tí ì ta gìtá létí ẹnikẹ́ni rí àfi ìyàwó mi àti ewúrẹ́ aládùúgbò, àti pé nínú àwọn méjèèjì, ewúrẹ́ nìkan ni kì í dìde lọ. A ní kí a wá gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹyẹ àkókó yọjú.

Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Kútọnu, ìrìn tí ó ju 200 kìlómítà lọ, mo sì bá oníṣòwò kan tí ó ń ta ọjà tòkúnbọ̀ ní ẹ̀bá ọ̀nà: ẹ̀rọ ìránṣọ tí kò ní ẹsẹ̀, fèrè tí ó ti tẹ̀, àti gìtá mélòó kan tí ó fi okùn so kọ́ sókè. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Gbogbo gìtá wọ̀nyí ni ó ń dán nínú oòrùn, èyí tí ó sì dán jù lọ ni mo nawọ́ sí. Ọkùnrin náà ní 45,000 fránkì. Mo rẹ́rìn-ín ẹlẹ́yà, mo ní 8,000. Ó fi Ọlọ́run búra, mo fi ìyá mi búra. Mo yísẹ̀ padà, ó pè mí. Ó gbé gìtá kọ́ padà, mo pè é. Nígbà tí ẹnu wa gbẹ, a parí rẹ̀ sí 12,000, inú mi sì dùn tó bẹ́ẹ̀ tí n kò béèrè lọ́wọ́ ara mi ìdí tí ẹni tí ó ń wá 45,000 fi gba 12,000 láì fa ojú ro. Ní gbogbo àkókò náà n kò wo gìtá; owó ni mo ń wò. Ọ̀wọ́n là ń ra ògo, ọ̀pọ̀ là ń ra ọ̀bùn: mo máa ń pa òwe yìí fún àwọn ọmọ ilé-ìwé mi, mo sì máa ń bínú sí ẹni tí kò bá mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Ó wá yẹ kí n sọ bí ohun-èlò yìí ti rí, nítorí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kò lè mọ bí ìwà òmùgọ̀ mi ti pọ̀ tó. Oríṣi gìtá onígi méjì ni ó wọ́pọ̀ lọ́jà, wọ́n sì jọ ara wọn lójú òpè. Èkínní ni èyí tí Antonio de Torres, agbẹ́gìtá ará Sípéènì, fi ìdí ìrísí rẹ̀ múlẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Okùn rẹ̀ gùn tó 65 sẹ̀ǹtímítà. Ìfun ẹran ni wọ́n fi ń ṣe okùn náà títí di ẹ̀yìn Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tí Albert Augustine ní New York bẹ̀rẹ̀ sí fi náílọ́ọ̀nù ṣe é. Èkejì ni èyí tí ń lo okùn irin, tí àwọn ará Amẹ́ríkà sọ di gbajúmọ̀. Nínú èkínní, àwọn igi tí a fi gbé àyà rẹ̀ ró láti inú jẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, pákó kékeré tí a so ìdí okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà mọ́ kò sì ní ìṣó, kò ní èèkàn. Àtè nìkan ni ó fi di àyà gìtá mú. Nínú èkejì, igi inú rẹ̀ le, a sì to méjì tí ó tóbi nínú wọn ní àgbélébùú, ìdí okùn a sì máa wọ inú ihò lọ tí èèkàn kéékèèké yóò fi há a síbẹ̀. Kì í ṣe ọ̀ṣọ́ ni wọ́n fi ìyàtọ̀ yìí ṣe. Okùn náílọ́ọ̀nù mẹ́fà, nígbà tí a bá fà wọ́n dé ohùn wọn, kì í fa pákó náà ju nǹkan bí 40 kìló lọ, ṣùgbọ́n okùn irin mẹ́fà a máa fà á ní 70 kìló tàbí jù bẹ́ẹ̀, èyí tí ó wúwo ju àpò símẹ́ńtì kan lọ dáadáa, tọ̀sán-tòru, bí a bá ń ta á, bí a kò bá ta á.

Oríṣi èkínní ni mo rà. Okùn irin ni mo fi sí i. Ìdí tí mo fi ṣe bẹ́ẹ̀ ni pé irin a máa ké ju náílọ́ọ̀nù lọ, mo sì ti ṣírò rẹ̀ pé bí gìtá bá lè ké tó, n kò ní san owó ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

Kí ẹ má baà rò pé n kò ní ẹlẹ́rìí, ìtàn kan wà tí mo gbára lé. Lionel Loueke, ọmọ ilẹ̀ Benin tí ó ti di àgbà ọ̀jẹ̀ nínú orin jáàsì, tí ó sì ti bá Herbie Hancock ará Amẹ́ríkà ṣeré káàkiri ayé, kò rí owó fi ra okùn nígbà tí ó ń kọ́ gìtá ní Kútọnu. Ọtí kíkan ni ó ń rẹ okùn rẹ̀ sí kí ìdọ̀tí lè ṣí lára rẹ̀. Bí ó bá já, a ta á ní kókó. Nígbà tí èyí tí yóò ta ní kókó sì tán, ó bọ́ wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́, ó fà á sí ara gìtá rẹ̀. Mo wí fún ara mi pé, ẹni tí ó fi bíréèkì kẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ tí ó sì dé Amẹ́ríkà, èmi tí mo ní okùn gìtá gidi lọ́wọ́, ta ni yóò dá mi dúró ní Ṣábẹ̀ẹ́? Ìdajì ìtàn ni mo mú lò. Ìdajì kejì, pé wáyà bíréèkì náà ba ọrùn gìtá ọkùnrin náà jẹ́, mo gbọ́ ọ, n kò fi sọ́kàn.

Kò pẹ́ tí pákó ìdí okùn fi bẹ̀rẹ̀ sí gbé ẹ̀yìn sókè. Àlàfo kan là lábẹ́ rẹ̀ tí èèrà lè gbà kọjá láìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó gbọ́n ìbá tú okùn náà sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀; èmi gbé gìtá lọ sọ́dọ̀ oníbàtà tí ó wà ní orígun òpópó wa, mo ní kí ó bá mi fi gọ́ọ̀mù bàtà dí i. Ó bi mí bóyá mo ní ìdánilójú. Mo ní mo jẹ́ olùkọ́. Gọ́ọ̀mù bàtà, kí ẹ lè mọ̀, dára púpọ̀ fún bàtà, nítorí pé bàtà níláti máa tẹ̀ kí ó sì máa nà. Ṣùgbọ́n igi kò fẹ́ àtè tí ń nà, àtè tí yóò gan pa ni ó ń fẹ́, èyí tí a ó fi ohun líle fún mọ́ra títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Bí oòrùn bá mú gọ́ọ̀mù bàtà, ṣe ni ó ń rọ̀, ohun tí ó bá sì ń rọ̀ tí 70 kìló ń fà, ẹ má ṣe jókòó tì í.

Ẹ jẹ́ kí n dá ẹ̀rín dúró díẹ̀, nítorí ìbínú mi níhìn-ín kì í ṣe ti àwàdà. Ìlú tí a ń wí yìí kì í ṣe abúlé. A ní ilé-iṣẹ́ ṣúgà, a ní ilé-ìwé, a ní ilé ìjọsìn tí ẹgbẹ́ akọrin wọn pọ̀ ju ìjókòó lọ, ṣùgbọ́n n kò rí ibi tí mo ti lè ra okùn gìtá kan ṣoṣo. Àfi kí n máa bẹ awakọ̀ tí ń lọ sí Kútọnu, kí òun náà máa bẹ ẹlòmíràn, kí wọ́n sì mú èyí tí wọ́n bá rí wá, irin ni o, náílọ́ọ̀nù ni o, okùn tí wọ́n fi ń pẹja ni o. Àwọn tí ń ta gìtá fúnra wọn kò mọ èyí tí ó yẹ kí ó gba irin àti èyí tí kò yẹ. Wọn a kàn fi èyíkéyìí tí ó bá bọ́ sí wọn lọ́wọ́ sí i, wọn a sì wò ọ́ lójú gba owó rẹ. Ọmọ tí ó ní ẹ̀bùn orin ní ìlú báyìí yóò ti fi gìtá sílẹ̀ kí ó tó mọ̀ pé kì í ṣe òun ni kò mọ̀ ọ́n ta. Ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ jẹ́ kí a padà sí ẹ̀sín mi.

Ohun kejì tí mo ń wá ni ìgboyà. Ìbẹ̀rù orí ìtàgé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkàn nìkan, ara ni ó ń mú: àyà a máa lù kì-kì-kì, àtẹ́lẹwọ́ a làágùn títí ìka yóò fi máa yọ̀ lórí okùn, ẹnu a gbẹ, orin tí a fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kọ́ nílé a sì bẹ̀rẹ̀ sí sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Gbogbo ẹni tí mo fọ̀ràn lọ̀ ni ó ní ìmọ̀ràn. Wọ́n ní, "Má bẹ̀rù." Ìmọ̀ràn yìí a máa bí mi nínú, nítorí kò sí ẹni tí ó sọ fún ẹni tí ebi ń pa pé kí ebi má pa á tí ebi náà sì lọ. Àbúrò ìyàwó mi ní kí n mu sódabì. Mo mu díẹ̀, mo sì gbàgbé ẹsẹ kejì orin náà pátápátá. Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ni ó wá gbà mí nímọ̀ràn tí mo tẹ̀ lé. Ó ní: "Ẹ ṣáà di ojú yín, Ọ̀gá Tíṣà. Bí ẹ kò bá rí wọn, wọn kò sí níbẹ̀." Lálaalẹ́ ni mo wá ń di ojú ta gìtá nínú yàrá, nínú ẹ̀wù àwọ̀tẹ́lẹ̀ lásán, títí mo fi mọ̀ ọ́n ta láì wo okùn. Ẹ kíyè sí i pé ẹ̀wù àwọ̀tẹ́lẹ̀ ni mo wọ̀.

Ọjọ́ ìnáwó pé. Iyán ń ró lódò káàkiri agbo ilé, àtíbàbà kún, àwọn ọdẹ jókòó ní ìdí ògiri pẹ̀lú ṣakabùlà wọn tí wọ́n ti ki ẹ̀tù sí, nítorí àdéhùn ni pé nígbà tí Olórí Ọdẹ bá yin ìbọn àkọ́kọ́ ní ìparí ètò, gbogbo wọn yóò jọ dá a lóhùn láti fi sin ẹlẹgbẹ́ wọn. Mo gbé gìtá ka orí àga lẹ́bàá àtíbàbà, nínú oòrùn gangan, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àna mi láti ọ̀kan dé èkejì. Ẹbí náà tóbi. Nígbà tí mo dìde kúrò lórí ìdọ̀bálẹ̀ ìkẹyìn, igi gìtá gbóná lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n mo kà á sí ìbùkún.

Àwọn onífèrè ti ṣe tiwọn, owó ti rọ̀ lé wọn lórí, wọ́n sì yọ̀ǹda gbohùngbohùn wọn fún mi lọ́fẹ̀ẹ́. Mo gbé e sí ọ̀kánkán ikùn gìtá. Olóòtú ètò, ẹni tí n kò fún ní kọ́bọ̀ kí ó purọ́ fún mi, gbé ohùn sókè pé ọ̀jọ̀gbọ́n onígìtá tí ó ti Kútọnu dé ni yóò wá dá wọn lára yá, ó sì rọ àwọn àgbà pé kí wọ́n tún ìjókòó wọn ṣe. Mo jáde nínú agbádá funfun tí mo dìídì dá fún ọjọ́ náà, tí iṣẹ́ ọnà ọrùn rẹ̀ gba oṣù méjì lọ́wọ́ télọ̀. Mo jókòó. Mo kí ilé, mo kí ọ̀nà. Mo di ojú.

Ẹsẹ kìíní orin náà, oríkì olóògbé ni mo fi ṣe é, dára. Mo búra fún yín, ó dára. Mo gbọ́ tí ìyá àgbà kan ní "hẹn-ẹ́n" ní ìsàlẹ̀ ọ̀fun, èyí tí í ṣe ìyìn tí ó ga jù lọ ní ìdílé náà. Nígbà náà ni apá agbádá ọ̀tún wálẹ̀ bo okùn. Mo ká a lé èjìká láì la ojú, mo ń bá orin lọ. Ó tún wálẹ̀. Mo tún ká a. Láàárín kíká àti wíwálẹ̀ yìí ni mo ṣàkíyèsí pé ohùn gìtá àti ohùn mi kò bá ara wọn rìn mọ́. Ó dàbí ẹni pé ohùn mi ń ga ju ti gìtá lọ. Òótọ́ ọ̀rọ̀ náà ni pé pákó ìdí okùn ti bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ síwájú nínú gọ́ọ̀mù tí ó ti rọ̀, okùn ń dẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi rò pé ẹ̀rù ni ó ń gbé ohùn mi sókè, nítorí náà mo rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ láti bá gìtá dọ́gba. Gìtá tún lọ sílẹ̀. Mo tẹ̀ lé e. Nígbà tí mo fi dé ìparí ẹsẹ kejì, ènìyàn kò lè pe ohun tí ń jáde lẹ́nu mi ní orin mọ́, ìkùnsínú ni.

Agbo dákẹ́. Inú mi dùn sí ìdákẹ́jẹ́ náà, mo ní orin mi ti wọ̀ wọ́n lọ́kàn. Ọmọdé kan ní, "Ìyá, ẹ wo nǹkan tí ó ń dìde lára gìtá Bùọ̀dá." Wọ́n ní kí ó panu mọ́. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí, ṣùgbọ́n èmi ti fi ojú tèmi pamọ́ nítorí ìgboyà. Bí mo bá là á ni, n bá rí ohun tí ọmọdé rí. Kàkà bẹ́ẹ̀, kí ẹsẹ kẹta tó bẹ̀rẹ̀, mo pinnu láti tún ohùn gìtá ṣe níwájú gbogbo ayé, gẹ́gẹ́ bí mo ti rí i tí àwọn olórin ńlá ń ṣe é. Mo na ọwọ́ òsì sí orí gìtá, mo di kọ́kọ́rọ́ okùn tí ó nípọn jù mú, mo sì yí i. Ó lọ díẹ̀. Mo tún yí i.

Gbàù!

Pákó náà fò kúrò lára gìtá pẹ̀lú okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, gbohùngbohùn gba ìró náà, ó sì tú u jáde láti inú àwọn àpótí onífèrè bí ẹni pé àpáta ya. Àwọn ọdẹ tí wọ́n ti ń tòògbé ní ìdí ògiri fò sókè, wọ́n ní Olórí ti yìn ín, gbogbo wọn sì kọjú ìbọn sí ojú ọ̀run: gbàù, gbàù, gbàù, tí èéfín fi bo agbo. Àwọn onífèrè wọ abẹ́ tábìlì. Ìyá àgbà tí ó ní "hẹn-ẹ́n" fi ara bo àwo iyán rẹ̀, ó ń pe orúkọ ọkọ rẹ̀. Ewúrẹ́ tí a so mọ́lẹ̀ fún ọbẹ̀ àṣálẹ́ já okùn, ó kọ orí sí ọ̀nà òkè, títí di bí mo ti ń kọ̀wé yìí kò sì padà. Èmi rò pé wọ́n yìnbọn lù mí. Mo fi ọwọ́ wá ẹ̀jẹ̀ ní àyà mi kí n tó la ojú, nígbà tí mo sì là á, kò sí ẹnì kan ní ìjókòó, ìmọ̀ràn ọ̀rẹ́ mi sì ṣẹ.

Mo fẹ́ dìde sá. Gìtá bá mi dìde. Okùn irin ti wé mọ́ iṣẹ́ ọnà agbádá mi, pákó náà sì ti kó sínú apá rẹ̀, bí mo bá sì ti ń fà á tó ni ó ń dè mí tó. Bí mo ti ń bá a jìjàkadì ni Olórí Ọdẹ yọ láti inú èéfín.

Ó ní, "Ìwọ àna yìí, ta ní ní kí o yìnbọn ṣáájú mi?"

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, gìtá ni."

Ó ní, "Gìtá wo ló ní ẹ̀tù nínú?"

Kò sí ìdáhùn mìíràn bí kò ṣe kí n dọ̀bálẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, gìtá tí ó so mọ́ apá mi sì gbá ọ̀pá gbohùngbohùn, ó dún gbì-ì-ì, ọdẹ kan tí etí rẹ̀ wúwo tí kò tí ì yin tirẹ̀ sì wá yìn ín. Àwọn tí wọ́n ti ń padà bọ̀ tún sá lọ. Nígbẹ̀yìn, ìyá ìyàwó mi, ẹni tí n kì í wò lójú bí mo bá ń bá a sọ̀rọ̀, ni ó mú ọ̀bẹ ilé ìdáná wá. Ó ní, "Àna mi, ẹ rọra, ẹ má mira," ó sì gé apá ọ̀tún agbádá mi sọ nù pẹ̀lú gìtá nínú rẹ̀. Agbádá alápá kan ni mo fi jẹ iyán ọjọ́ náà. Àwọn obìnrin ilé bẹ̀rẹ̀ sí pàtẹ́wọ́, wọ́n bá mi parí orin náà láì sí gìtá, ó sì dùn ju tèmi lọ.

Àwọn àgbà ilé jókòó lé ọ̀ràn mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n ní kí n san ewúrẹ́, kí n san ẹ̀tù, kí n sì mú ẹgbẹ́ olórin gidi wá nígbà ìrántí ọdún. Mo ṣírò rẹ̀: gìtá, owó ọkọ̀, okùn, agbádá, ewúrẹ́ àti ẹ̀tù. Owó onífèrè kò tó o. Wọ́n tún fi oríkì kan lé e, èyí tí n kò sanwó fún: Abigìtá-dún-bí-ìbọn. Ní ọjà ni àwọn alágbàtà iṣu ti ń fi kí mi báyìí.

Mo gbé gìtá náà lọ sọ́dọ̀ káfíńtà kan tí ń ṣe àga. Ó wo abẹ́ pákó náà, ó ní, "Tíṣà, ẹ wò ó, kò já igi kankan lára, gọ́ọ̀mù yìí kò di igi mú rárá." Ó ha gbogbo rẹ̀ kúrò títí igi gan-an fi yọ, ó fi àtè àwọn onígi lẹ̀ ẹ́, ó fún un mọ́lẹ̀ di ọjọ́ kejì, mo sì bẹ awakọ̀ kan tí ó bá mi ra okùn náílọ́ọ̀nù wá. Ó ń dún dáadáa. Àwọn ọmọ ilé-ìwé mi ni mo ń ta á fún báyìí ní àkókò ìsinmi, nínú ṣẹ́ẹ̀tì alápá kúkúrú, pẹ̀lú ojú lílà. Mo bẹ̀rẹ̀ lórí mẹ́ta nínú wọn, wọ́n ń pọ̀ sí i, àyà mi kì í sì í lù mọ́ bí mo bá ti mọ̀ pé ohun tí ó wà lọ́wọ́ mi kò ní dà mí. Ohun tí mo ń pè ní ìbẹ̀rù ní àtijọ́, ìdajì rẹ̀ ni àìmúrasílẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń lọ ra gìtá ọ̀pọ̀, ẹ gbọ́. Ẹ wo ẹ̀yìn pákó ìdí okùn. Ẹ fi bébà fẹ́lẹ́ kan síbẹ̀, bí ó bá wọlé, ẹ gbé e padà fún olówó rẹ̀. Ẹ gbé ọrùn rẹ̀ sójú bí ẹni tí ń wo ọ̀pá ìbọn, kí ẹ rí i bóyá ó tẹ̀. Ẹ ka àwọn irin tí ó dábùú ọrùn náà dé ìkejìlá, nítorí ibẹ̀ ni ìdajì okùn wà: ẹ ta okùn lásán, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀ kí ẹ tún ta á, ohùn kan náà ni ó gbọ́dọ̀ jẹ́, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè, bí kò bá sì rí bẹ́ẹ̀, kò sí ìgboyà tí yóò tún un ṣe. Ẹ má ṣe fi irin sí ohun tí a ṣe fún náílọ́ọ̀nù. Aṣọ tí ẹ ó wọ̀ lọ́jọ́ náà ni kí ẹ wọ̀ fi kọ́ orin, kí ẹ sì la ojú yín. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé òkú àna ni, ẹ fi gìtá sílẹ̀ nílé, kí ẹ sanwó fún olórin.